Ọwọ́ Mẹ́rìndínláàádóje

Ẹ bá mi kí ẹbí wa o. Ẹ kí wọn dáadáa, torí irú ìṣọ̀kan tí mo rí láàárín wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Àǹtí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé aṣọ ẹbí sórí gúrúùpù WhatsApp wa, aṣọ tí a máa fi ṣe ọgọ́rin ọdún ìyá wa àgbà. Lẹ́ẹ̀sì olówùú ni. Àwọ̀ ẹ̀... ẹ jẹ́ n mí ná. Ṣé ẹ mọ ọbẹ̀ ewédú tó sùn mọ́jú, tí wọn ò dé, tó wá lójú kan bíi pé òun náà ń wò yín? Àwọ̀ yẹn ni. ₦75,000. Gèlè ò sí níbẹ̀ o, fìlà ò sí níbẹ̀.

Kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, èèyàn 63 ti tẹ àmì ọwọ́ àdúrà 🙏 sí i. Mo kà á. Ẹ má bi mí pé báwo ni mo ṣe ráyè. Ẹni tó máa san ₦75,000 lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ohun tó bá wù ú. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ọwọ́ méjì méjì, ọwọ́ mẹ́rìndínláàádóje ló pàdé lórí aṣọ kan ṣoṣo. Ìka 630. Bí ọwọ́ wọ̀nyẹn bá di ìgbálẹ̀ mú, wọn ì bá ti gbá títì láti Bẹẹrẹ dé Mápó n'Ìbàdàn kí oòrùn tó yọ. Bí wọ́n bá di ọkọ́ mú, à bá ti kọ ebè tó máa bọ́ ìlú. Mo rántí ìsìnkú bàbá wa kan lọ́dún tó kọjá, ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta wà lórí iná, wọ́n ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin péré ni mo rí. Méjì nínú ẹ̀ jẹ́ tèmi, ẹ̀yìn sì ń dùn mí láti ọjọ́ yẹn. Níbo ni ọwọ́ 122 yòókù wà? Wọ́n wà nínú fóònù, wọ́n ń gbàdúrà.

Èèyàn 71 ló wà nínú gúrúùpù náà. Ẹni mẹ́jọ ni kò tẹ nǹkan kan. Mẹ́ta ò ní dátà. Méjì ti sùn. Ìyá àgbà fúnra wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù wọn wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ tó ń fi ṣe géèmù. Àwọn méjì tó kù ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó láyà láti yọ nọ́ńbà wọn. Nínú gbogbo ẹbí wa, àwọn méjì yẹn nìkan ni kò purọ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ má rò pé mo kórìíra àmì ọwọ́ yìí. Mo gba tiẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìránṣẹ́ ọba lọ. Ó ń sọ pé àmín. Ó ń sọ pé ẹ ṣé. Ó ń sọ pé mo ti rí i, ẹ má bi mí mọ́. Ó tún ń sọ pé ẹ̀yin wèrè yìí, kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ yín. Àmì kan náà ni, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ èyí tó ń sọ. Àwọn ará Japan tó ti wá, "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣé" ni wọ́n ń fi sọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di aṣọ ìbora.

Oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni WhatsApp kó àmì mẹ́fà fún wa tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì láì la ẹnu: àtàǹpàkò tó nà ró, ọkàn pupa, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tómi fi bọ́ lójú ẹ̀, ẹni tẹ́nu yà, ẹni tó ń sunkún, àti ọwọ́ yìí. Ẹ tún un kà. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí "rárá". Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àmì yòókù, àtàǹpàkò tó dorí kodò náà bá wọn wọlé. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ò tíì fi àtàǹpàkò yẹn dáhùn ohunkóhun nínú ẹbí wa. Ó wà níbẹ̀ bí àpò yanrìn tí wọ́n gbé sí ilé epo nítorí iná. Facebook tiẹ̀ ti ń hu ìwà yìí ṣáájú WhatsApp, pẹ̀lú bọ́tìnnì "mo fẹ́ràn ẹ̀" tí wọ́n gbé dé lọ́dún 2009. Ọdún méje gbáko, títí di 2016 tí wọ́n fi ẹlẹ́kún àti abínú kún un, ẹni tí bàbá ẹ̀ bá kú, "mo fẹ́ràn ẹ̀" náà ni à ń tẹ̀ fún un.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìkòròdú ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àbúrò, ṣé o rí aṣọ yẹn?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ọwọ́ tiyín náà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkejì."

"Fìyẹn sílẹ̀ jàre. Irú aṣọ játijàti wo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, mi ò gbọ́."

"Mi ò lè gbóhùn sókè. Inú balùwẹ̀ ni mo wà."

"Ta ló wà nílé?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan. Ìyàwó mi ti lọ kí ọmọ tuntun n'Ílọrin."

Ẹ wo àgbàlagbà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn ẹ̀ máa ń dé ojú ọ̀nà láì lo gbohùngbohùn. Ọkùnrin tí mo mọ̀ tó lé ọkọ̀ ajagbe sẹ́yìn ní ẹnu géètì nítorí pé ó fọn fèrè lásìkò ìdánwò. Òun ló jókòó lórí ìdérí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé tí kò sẹ́nì kankan, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀sì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀gbàjọba. Mo gbọ́ tí omi ń kán lẹ́yìn ẹ̀, tó, tó, tó. Mo rò ó pé bóyá ó ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ kí Lọ́ńdọ̀nù má baà gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, èèyàn 11 ti pè mí tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní lẹ́ẹ̀sì náà ń ṣe ibà pọ́njú. Ọ̀kan bi mí bóyá kì í ṣe aṣọ fèrèsé ni wọ́n ṣì gé. Ìyàwó àbúrò mi, tó tẹ ọwọ́ àdúrà tó tún fi ọkàn pupa mẹ́ta tẹ̀ lé e, fi ohùn oníṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi, ó sì pa á rẹ́ kí n tó gbọ́ ọ dé àárín. Gbogbo wọn ló fi gbólóhùn kan náà bẹ̀rẹ̀: "Kó má jáde níbí yìí o." Ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti jáde yẹn, tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ni, gbogbo ẹbí ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní Àǹtí ló ń gbé ẹbí ró. Òótọ́ ni. Àwọn ló san owó iṣẹ́ abẹ ojú ìyá àgbà, àwọn ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ èèyàn mẹ́rin nínú àwọn 63 yẹn, a kì í sì í jẹun ẹni tán ká ní àwo ẹ̀ ò mọ́. Ó dáa, mo gbà fún àwọn mẹ́rin yẹn. Àwọn 59 tó kù ńkọ́? Kí ni Àǹtí ń bá wọn san?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú gúrúùpù mẹ́ta nígbà ìdìbò ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023. Ní ti àdúgbò, ó tẹ ọwọ́ fún Tinubu. Ní ti ìjọ, ó tẹ ọwọ́ fún Obi. Ní ti àwọn tí wọ́n jọ ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ó tẹ ọwọ́ fún Atiku. Ọwọ́ mẹ́fà lára ọkùnrin kan. Lọ́jọ́ ìdìbò, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó jókòó sílé jẹ iyán.

Bó bá jẹ́ ìjọba lẹ̀rù ẹ̀ ń bà yín, mi ò ní bá yín wí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà láti ọdún 2015. Abala 24 ẹ̀ ti gbé akọ̀ròyìn, ó ti gbé aráàlú tó kọ ọ̀rọ̀ nípa alágbára sí ojú ìwé ara ẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2024, síbẹ̀ wọn ò yé fi í gbé èèyàn. Ẹni tó bá dákẹ́ torí ọlọ́pàá, mo mọ ohun tó ń sá fún. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló ń wá ẹni tó ní lẹ́ẹ̀sì ò dáa?

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹ̀yin kan náà ni! Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ti Twitter pa. Ta ló dákẹ́? Ìyá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà pamọ́ sínú fóònù ń bi ọmọ ẹ̀ pé VPN, ọ̀nà ẹ̀bùrú orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, dà. A gba ojú fèrèsé wọlé, a sọ ara wa di ará Nẹ́dálándì, a di ará Kánádà, a ń bú ìjọba láti ìlú tí a ò dé rí, títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 tí wọ́n ṣí i. Oṣù méje ó lé tí wọ́n fi ní ká panu mọ́, a ò panu mọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn tán, a wá ń tẹ ọwọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan, mi ò ní purọ́ mọ́ wa. Lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew l'Amẹ́ríkà bi àgbàlagbà 1,801 léèrè nípa ọ̀rọ̀ Edward Snowden, ẹni tó tú àṣírí bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń ṣọ́ fóònù aráàlú. Nínú ọgọ́rùn-ún, 86 ní àwọn á sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lójú kojú. Nínú àwọn tó ń lo Facebook tàbí Twitter, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn á kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn yẹn kúkú ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nínú balùwẹ̀ tiẹ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọdún Òkè'Bàdàn bá kò nínú oṣù kẹta, wọn kì í dáná lọ́jọ́ náà, ọjà kì í ná. Abọkè, àwòrò Òkè'Bàdàn, á jáde nínú aṣọ obìnrin. Àwọn ọ̀dọ́ á gba ìgboro, wọ́n á máa kọrin èébú, irú èyí tí mi ò lè kọ síbí torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Olówó ni o, ìjòyè ni o, ẹni tí ń jókòó ti ìyàwó oníyàwó ni o, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí i létí kedere. Kò gbọdọ̀ bínú. Tó bá bínú, wọ́n á tún ẹsẹ̀ kejì kọ. Bàbá kan ládùúgbò wa máa ń gbé àga síta láti àárọ̀, á jókòó, á máa retí orin tiẹ̀; tí wọ́n bá kọjá láì bú u, inú ẹ̀ á bà jẹ́ dọ́dún míì. Lọ́nà Kétu àti Ìmẹ̀kọ, Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń fi agọ̀ bojú, ló máa ń jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí gbogbo ìlú ń sọ ní kọ̀rọ̀, á gbé e síta lójú agbo. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ohun iyebíye aráyé lọ́dún 2001. Wọ́n ní ọba kì í pọ̀kọrin.

Lórí WhatsApp, ádímìn ń pọ̀kọrin. Mo mọ̀, torí wọ́n ti pa èmi rí.

Nínú gúrúùpù àwọn tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n gbé àwòrán ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a dáwó kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí ẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ó lé. Wọ́n kun ún, wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sára ògiri gàdàgbà gàdàgbà. Gbogbo èèyàn ń tẹ ọwọ́. Mo fi ìka fẹ àwòrán náà, mo tún fẹ̀ ẹ́, mo wọ awò ojú. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀kùn dà?" Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti yọ mí. Wọ́n ní mo ń dá ìjà sílẹ̀, wọ́n ní mi ò mọ iyì ìṣọ̀kan. Látìgbà náà, ẹni mẹ́sàn-án nínú wọn ti pè mí láti sọ pé àwọn náà ṣàkíyèsí pé kò sílẹ̀kùn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀." Ó dáa, mo fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń mú ọ̀rẹ́ wọn dání lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún wọn.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, dìde níbi ìgbéyàwó àbúrò wọn, wọ́n ní, "Ẹ kú ìnáwó. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí." Ìyá ìyàwó ní ẹ má bínú, wọ́n bu omi sí i, a jẹun. Ẹnì kan ò yọ ẹnì kan.

Ẹ wá ń pe ojo tiyín yìí ní ọmọlúàbí. Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọmọlúàbí á dọ̀bálẹ̀, á ní ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, á wá sọ ohun tó wà níkùn ẹ̀. Tiyín ni kí ẹ yin aṣọ lójú olówó, kí ẹ wá fi òru gba ẹ̀yìn lọ fà á ya. Lọ́jọ́ tí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí bá wọ aṣọ yẹn jáde, tí gbogbo àwòrán wọn dà bí ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ̀yin 63 yìí náà lẹ máa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹwà rèé o, Màmá!" Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo lè bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ ti ń wò mí. Ẹ fẹ́ bi mí pé, ìwọ tó ń pariwo yìí, kí lo ṣe?

Mo kọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mo kọ ọ́. Ìlà 14. Mo tiẹ̀ fi àmì ohùn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, mo yin Àǹtí dáadáa, mo wá dé ibi ewédú. Mo fi ránṣẹ́ láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ ni mo rí i lókè pé Àǹtí ń kọ̀wé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. WhatsApp gbà kéèyàn ní ju ọjọ́ méjì lọ láti pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́. Èmi ò lò ju ogójì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ohun tí Àǹtí ń kọ náà jáde: "Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé." Àmọ́ ojú sàréè ọ̀rọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́, gbogbo èèyàn sì rí ẹni tó sin òkú. Ìdí nìyẹn tí àwọn 11 yẹn fi yàn mí. Ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, kí wọ́n má baà rò pé mo lódì sí nǹkan, mo tẹ ọwọ́ àdúrà. Ẹni kẹtàlélọ́gọ́ta ni mí.

Lọ́jọ́rú, Àǹtí pè mí fúnra wọn.

"Àbúrò mi, kí lo kọ tí o pa rẹ́?"

"Kò sí nǹkan, Àǹtí. Mo ní ẹ kú ìnáwó ni."

"Parí ọ̀rọ̀ ẹ. Ṣé ìwọ fẹ́ràn aṣọ yẹn?"

Ẹnu mi wúwo. Àwọn ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní àwòrán mẹ́ta ni àwọn fi síbẹ̀, kí ẹbí mú ọ̀kan. Oníṣọ́ọ̀bù ló fi aláwọ̀ ewédú yẹn há a mọ́ ọn, àwọn ò tiẹ̀ fẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí àwọn tó ṣẹ́jú, Bọ̀dá Àgbà ti tẹ ọwọ́ sí i, ni gbogbo ilé bá rọ́ tẹ̀ lé wọn. "Mo ní bóyá èmi ni ò mọ aṣọ mọ́, mo ti pẹ́ nílùú òyìnbó." Mo yára wo gúrúùpù náà. Lóòótọ́, méjì yòókù wà lókè. Búlúù kan, pupa kan. Èmi náà ò fìgbà kankan wò wọ́n. Ibi tí ọwọ́ pọ̀ sí ni ojú mi lọ.

Mo pe Bọ̀dá Àgbà. Ẹni ọdún 74, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní, "Aṣọ wo? Àdúrà ọ̀sẹ̀ tuntun tí Ìyá Ìbejì fi síbẹ̀ ni mo ṣe àmín sí."

Mo padà sọ́dọ̀ Àǹtí, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ilé pé ẹ ti yí i padà. Wọ́n ní ó ti bọ́, oníṣọ́ọ̀bù ti gba owó, àti pé báwo ni wọ́n á ṣe wojú èèyàn 63 tó ti fọwọ́ sí i. "Kó má jáde níbí yìí o, àbúrò mi."

Mo gbé lẹ́ẹ̀sì tèmi lọ bá télọ̀ ẹbí wa ní Òjé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wò ó, ó wò mí, ó fọwọ́ pa á. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé kí n rán an kó ṣeé tú?"

Mo ní kí ló fa títú.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkeje nínú ẹbí yín. Gbogbo wọn ló ní kí n rán an jẹ́jẹ́, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lọ rẹ ẹ́ láró tí wọ́n bá ti ṣe ìnáwó tán." Ó wẹ̀yìn. "Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní kó ṣe tèmi bẹ́ẹ̀. Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Mo nà wọ́n.